Ijó Tí Mojíre Kọ́ Láti Orí Fẹ́ńsì

Ẹ rọra ka ìtàn yìí kan ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí nǹkan kì í ṣòro fún.

1.
"Èmi kì í kọ́ ijó. Tí ojú mi bá ti rí i, ara mi ti gbà á nìyẹn."

Mojíre ọmọ Ìrẹ́mọ ló sọ bẹ́ẹ̀, nílé-ìwé girama kan ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́dún 1994. Íntáháósì ń bọ̀, àwọn ọmọbìnrin Ilé Pupa sì ń kọ́ ijó tí wọ́n máa fi mórí àwọn eléré sísá wọn wú. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde kíláàsì, Mojíre á gun orí fẹ́ńsì, á kọjú sí wọn, á máa jẹ bọ́ọ̀lì, á máa fi àwọn tó ń làágùn ṣe yẹ̀yẹ́.

2.
Ìparí ijó náà ló léwu. Ìmísí ọmọ Ìlódè, tó kéré jù nínú wọn, máa dúró lé èjìká àwọn méjì tó wà níwájú. Tí fèrè bá dún, Fúnlọ́lá àti Àbíkẹ́ tó wà lẹ́yìn á sún sọ́tùn-ún, wọ́n á na ọwọ́, Ìmísí á sì fẹ̀yìn ṣubú sí wọn lọ́wọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la, ibà dá Àbíkẹ́ gúnlẹ̀. Mojíre ní òun ti mọ gbogbo ẹ̀. Ìyáàfin Awóníyì, tíṣà wọn, ní kó jó o kí òun rí i. Ó jó o lóun nìkan, kò gbàgbé ohunkóhun. Tíṣà wá kìlọ̀ fún un pé kó tètè dé láàárọ̀, kó bá àwọn yòókù dúró lórí ìlà, kí wọ́n jọ jó o lẹ́ẹ̀kan.

Ìmísí tẹ̀ lé e dé géètì.

"Mojíre, jọ̀ọ́, wá o. Ẹ̀yìn ni mo máa ṣubú sí. Mi ò ní rí ẹ."

"Ṣé ojú ẹ ló máa gbé ẹ ni? Ṣebí ọwọ́ mi ni."

Ìmísí ò rẹ́rìn-ín.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn yòókù wà lórí ìlà. Mojíre wà lọ́dọ̀ onídìrí, ó ń di ṣùkú. Ká sòótọ́, ṣùkú náà dára.

4.
Ìgbà tí wọ́n ń wọ pápá ló dé, ìdì ọ̀rá pupa tí wọ́n fi ń jó lọ́wọ́. Nígbà tí ijó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn yí sọ́tùn-ún, Mojíre yí sósì. Àwọn òbí tó wà lábẹ́ kánópì rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó wà nínú ijó ni. Mojíre rò pé àwọn yòókù ló ṣì í. Ìmísí wà níwájú, kò rí nǹkan kan.

Ẹ rántí pé ńṣe ni Mojíre kọjú sí wọn lórí fẹ́ńsì yẹn. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀tún ṣe, apá òsì tirẹ̀ ló rí i sí, ibẹ̀ náà ló sì kọ́ ọ sí.

Fèrè dún. Fúnlọ́lá sún sọ́tùn-ún, ó na ọwọ́. Mojíre sún sósì, òun náà na ọwọ́, ó tẹ́ ẹ dáadáa. Ìmísí ju ara rẹ̀ sẹ́yìn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọwọ́ Fúnlọ́lá nìkan ò gbà á.



5.
Egungun ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún Ìmísí ló kán. Wọ́n tò ó, àmọ́ apá náà ò nà tán mọ́. Ìyá Ìmísí ò bú Mojíre. Ó kàn bi í pé, "Ìwọ ni wọ́n ní kó gbé e?"

"Ẹ̀n, mà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí ẹlòmíràn máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé, ẹ má fi ojú lásán kọ́ ọ. Ẹ wọ orí ìlà, ẹ bá wọn làágùn. Mojíre ti mọ̀ báyìí. Láràárọ̀, títí wọ́n fi jáde ìwé mẹ́wàá, ó ń kọ́kọ́ yà ní Ìlódè, á gba báàgì Ìmísí, á gbé e kọ́ èjìká. Kí wọ́n tó gbéra, á rọra bi í pé:

"Apá ibo ni kí n rìn sí?"