Ibùsùn Ẹṣin

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Òkúdù, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní ní àdúgbò Joju, dókítà ẹran sì ń fi omi iyọ̀ fọ egbò ìdùbúlẹ̀ tó wà ní ìbàdí ẹṣin ńlá kan.

“Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ẹ tẹ́ fún un nípọn dáadáa, Àlàájì. Ta ló ń yí i padà?” ni dókítà bi ẹni tó ni ẹṣin náà.

“Ọkùnrin mẹ́rin ni mo gbà.”

Egbò náà ti ń jinná, kò rùn. Síbẹ̀ òórùn ń ti yàrá ẹ̀yìn wá. Dókítà ṣílẹ̀kùn.

“Bàbá mi nìyẹn. Wọn ò lè dìde mọ́.”

“Ta ló ń yí wọn padà?”

“Dókítà, ta ló fẹ́ gun àgbàlagbà lọ sóde?”

Ojú tí à ń fi wo ìgbẹ́ ẹṣin ni dókítà fi wò ó. Ó po omi iyọ̀ mìíràn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ni dókítà, Àlàájì, ẹṣin lórí ibùsùn rẹ̀, àti bàbá kan lórí sìmẹ́ńtì.