Obìnrin Tó Ń Bá Rélùweè Rìn

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó Pírínsípà Fáṣèyí ni ọkàn rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé. Ni ọmọ rẹ̀, Àrínpé, bá mú un lọ gun rélùweè àtijọ́, èyí tó ń jẹ èédú, bóyá ara rẹ̀ á yá.

Bàbá gẹ fìlà, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń juwọ́ sí àwọn ará oko bí ẹni pé òun ló la ojú irin náà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan tó ru igbá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Ọkọ̀ ń sáré, igi ń sá lọ sẹ́yìn, síbẹ̀ obìnrin náà ò kúrò níbẹ̀.

"Bàbá Àrínpé, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ẹ bá mi sún díẹ̀."

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀ yóò bá a lọ ni; Pírínsípà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé irọ́ ni. Àyà rẹ̀ ò já. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó kàn ká etí agbádá rẹ̀, ó sún.

"Wọlé, Ìyá Àrínpé."

"Dádì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ìjókòó tó ṣófo náà tẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ti rìn jìnnà bá jókòó.