Làpálàpá Ìyàwó

Títílọpẹ́ jókòó síwájú Abọ́sẹ̀dé elewé ọmọ, ó gbé àgbọ̀n sókè kí ìyá àgbà náà lè rí ọrùn rẹ̀ dáadáa. Làpálàpá tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá ti parẹ́.

"Ìyá, Sátidé ni ìgbéyàwó mi. Àwọn àna mi á ní awọ ilé-iṣẹ́ ni mo wọ̀."

Abọ́sẹ̀dé wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ewé asúnwọ̀n ni ìyá tó bí i fi ń lé làpálàpá kúrò lára àwọn èèyàn. Òun wá dẹni tó ń sin làpálàpá sínú ìgò tà fún ọmọ olówó, torí pé awọ ilé-iṣẹ́, awọ àtọwọ́dá táwọn èèyàn ń rà wọ̀, kì í ní làpálàpá, kì í yún èèyàn, kò sì sídìílé ńlá tó ń gba aláwọ ilé-iṣẹ́ níyàwó mọ́.

"Kí lo fi wẹ̀?"

"Ọṣẹ dúdú tí màámi fún mi."

Abọ́sẹ̀dé gbóòórùn ọrùn rẹ̀. Asúnwọ̀n ni.

"Ìyá ẹ ló wò ọ́ sàn. Ṣé ara ò yún ọ mọ́, ṣé o sùn lánàá?"

"Mo sùn." Títílọpẹ́ dorí kodò bí ẹni tó jalè.

"Òmùgọ̀ ni ẹ́, òmùgọ̀ sì làwọn àna ẹ. Awọ ilé-iṣẹ́ kì í ṣàìsàn, kì í sì í jiná. Awọ tó bá gbóògùn, awọ èèyàn ni. Lọ fi ọrùn tó jiná yìí hàn wọ́n."

"Ìyá, ta ló máa ń rí ohun tó ti jiná?"

Abọ́sẹ̀dé pòṣé. Ó ṣí ìgò, ó ki òwú bọ̀ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, apá òsì ọrùn mi ni kẹ́ ẹ fi í sí," ni Títílọpẹ́ wí. "Ibẹ̀ ni ayafọ́tò máa dúró sí."