Gàfárù Kó Ẹyin Ẹtù Tán

Ọ̀kánjúwà ni àìsàn Gàfárù. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ba ohun tó dára, kì í mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Bí ó bá jẹun nílé olóńjẹ, yóò fi ìka nu àwo títí ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ á fi máa wò ó pé ṣé wọ́n tiẹ̀ ti bu oúnjẹ sí i rí.

Ẹyin sísè ló ń tà ní ibùdókọ̀ Adjamé, ní ìlú òkèèrè kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Treichville, àdúgbò míì níbẹ̀, ni wọ́n bí òun sí. Lọ́dún 1974, ó ń fẹ́ Ràmílátù, ọmọge aránṣọ tó ń gbé Williamsville. Ìyá ọmọ náà, Fatimata, ń sin ẹtù. Àwọn ẹyẹ náà ń jẹ̀ kiri lẹ́yìn ilé, wọ́n sì máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ yé nínú igbó tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí orúnkún ìyá náà kò jẹ́ kó lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, àna rẹ̀ ló bẹ̀. Ó na ìgbakọ onígi gígùn kan sí i.

"Gàfárù, èyí ni kó o máa fi kó ẹyin. Má fọwọ́ kan ìtẹ́ o, ẹyẹ yìí kórìíra òórùn èèyàn. Àwọn tí mo fi èédú sàmì sí, fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹtù bá rí wọn, á mọ̀ pé ilé òun ṣì wà. Tó o bá kó ẹyin tán, wọ́n á ṣí lọ."

"D'accord, Màmá. Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ó sì ṣe é fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ń yá. Bí ó bá ti ké "Kàmí kílí!", bí àwọn Jùlá ṣe ń pe ẹyin ẹtù, àwọn awakọ̀ á ti yí i ká. Lọ́jọ́ kan ó wo àwọn ẹyin eléèédú, ó ní, "Ta ni èyí tó jókòó lásán nínú koríko ń ṣe lóore?" Ó fi omi fọ èédú wọn, ó sè wọ́n, ó tà wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ó gbé ìgbakọ tì, ó ń fi ọwọ́ lásán wa ìtẹ́. Olè àti ọ̀kánjúwà, déédé ni wọ́n jẹ́.

Àwọn ẹtù dé, wọ́n bá ìtẹ́ ní òfìfo. Wọ́n yí i ká, wọ́n ké títí, wọ́n bá tiwọn lọ.

"Ẹyin dà?" ni ìyá bi í.

"Màmá, ó jọ pé àkókò yíyé wọn ti kọjá."

Àárín òjò ni o, ìgbà tí ẹtù ń yé jù! Ó ya ìyá náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pe àna rẹ̀ ní onírọ́?

Ọjọ́ yìgì ń bọ̀. Nílé Fatimata, àgbà tó bá jókòó síbi yìgì gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin ẹtù, Gàfárù sì ti fọ́nnu pé kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fóun. Nígbà tó ku ọ̀la, ó wọ igbó lọ. Ó bá abo ẹtù kan lábẹ́ ewéko dídí. Ẹyẹ náà kò sá; ó lúgọ mọ́lẹ̀, ó fẹ ìyẹ́ sí i. Gàfárù fi igi lé e. Ẹyin kún abẹ́ rẹ̀ bámú! Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n. Wọ́n gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní oòrùn ni, níbi tí oòrùn kì í dé. Afàgò kẹ́yin àparò, ohun ojú wá lojú ń rí.

Lọ́jọ́ kejì, ilé kún. Wọn ò tíì so yìgì nígbà tí wọ́n gbé àwo ẹyin sísè síwájú àwọn àgbà. Lèmọ́mù Saliou mú ọ̀kan, ó ṣe bísímílà, ó bó o. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Orí ọmọ ẹyẹ ló yọ, pẹ̀lú ẹnu àti ìyẹ́ tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Àṣítàgàfúrúláhì!" Ó ju ú sílẹ̀. Ẹlòmíràn bó tirẹ̀, òkú ọmọ ẹtù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà, bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan figbe ta, àwọn kan sáré jáde lọ bì. Jìnnìjìnnì mú gbogbo ilé.

"Gàfárù," ni lèmọ́mù wí, "òkú ẹran tí a kò dúńbú lo gbé síwájú wa?"

Fatimata fa ẹsẹ̀ wọlé. Ó mú ọmọ ẹyẹ kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí.

"Abẹ́ ìyá wọn lo ti kó wọn?"

Gàfárù kò lè parọ́ mọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ẹni tí kò lè ṣẹ́ ẹyin kù fún ẹyẹ," ni ìyá wí, "kí ló máa ṣẹ́ kù fún ọmọ mi?"

Gàfárù yíjú sí Ràmílátù. Ọmọbìnrin náà ti ń ṣí ìbòrí ìyàwó kúrò lórí.

"C'est fini, Gàfárù. Mi ò ṣe mọ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé Adjamé. Kò sí awakọ̀ tó tún ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹtù náà kò sì padà wálé. Igbó ni wọ́n ń gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ẹ fi ti Gàfárù ṣe aríkọ́gbọ́n. Ohun tí a ṣẹ́ kù ló ń mú ohun mìíràn wá bá ni. Ẹni tó bá kó tán lónìí, ẹ̀rí ọ̀kánjúwà rẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé síwájú àwọn àgbà lọ́la.