Iye Tí Arúgbó Kan Ń Ná Lóṣù

Oníbúrẹ́dì ka ètò ìnáwó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì mẹ́ta ni obìnrin náà ní. Bí ìyẹ̀fun bá fi ife kan ṣoṣo dín, ojú rẹ̀ á rí i.

"Àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan ni ẹgbẹ́ yín fẹ́ máa tọ́jú, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Aláàánú wí.

Aláàánú ni àwọn èèyàn sọ ọ́ látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ kiri nípa ẹgbẹ́ tó fẹ́ dá sílẹ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé nítorí pé òun kò ní ìyá tí òun yóò tọ́jú ni òun ṣe ń wá ìyá ẹlòmíràn kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Oníbúrẹ́dì lára tó fi ní kó mú ìwé wá.

"Kí ló wá dé tí owó pátákó ìta àti ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ yìí fi ju oúnjẹ arúgbó mẹ́wàá lọ?"

Aláàánú wolẹ̀.

"Iye tí ẹ ní arúgbó kan ń ná lóṣù yìí, níbo lẹ ti rí i?"

"A fojú díwọ̀n rẹ̀ ni, mà."

"Ojú ta ni?"

Bí Aláàánú bá rí ihò eku nínú ọ́fíìsì náà, yóò wọ̀ ọ́.

Oníbúrẹ́dì kò bínú. Ó ká ìwé náà, ó sì dìde. "Mo fẹ́ fún yín lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye tó ń bọ́ ẹnì kan, kí ni yóò tọrọ fún ọgbọ̀n èèyàn? Ẹ jẹ́ ká lọ béèrè lọ́wọ́ arúgbó fúnra rẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, níbi tí ọkọ̀ mi ti ń já búrẹ́dì. Awakọ̀ mi ní òun kì í rí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀."

Aláàánú gbójú sókè. "Ibẹ̀ jìn, mà. Mo mọ àwọn mìíràn nítòsí."

"Ṣé ẹsẹ̀ la máa fi rìn ni? Ẹ wọlé sọ́kọ̀."

Nínú ọkọ̀, Aláàánú kọjú sí fèrèsé. Oníbúrẹ́dì rò pé ìbéèrè òun ló dùn ún. "Ẹ má bínú o. Ẹni tó bá máa tọrọ, ó gbọ́dọ̀ lè gba ìbéèrè."

"Kò dùn mí, mà."

Yàrá kan ṣoṣo ni, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì forí gbá igi òkè ẹnu ọ̀nà.

"Yéè!"

Arúgbó tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bú sẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Bí igi yẹn ṣe máa ń kí gbogbo àlejò nìyẹn."

Aláàánú tẹrí ba, ó wọlé tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu arúgbó. Ó ń gbìyànjú àtidìde nígbà tí Aláàánú kúnlẹ̀ kíákíá.

"Ẹ káàsán o, Màmá. A wá láti ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àgbàlagbà. A fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀."

Arúgbó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó padà jókòó, ó fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló wí. "Ẹ má bínú sí bí ilé ṣe rí."

Aláàánú mú gègé, kò sì gbójú kúrò lórí ìwé mọ́. "Èló lẹ fi ń ra oògùn lóṣù?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, mà. Ọ̀kan ló yẹ kí n máa lò lójúmọ́. Mo máa ń dá a sí méjì."

"Odindi ni kẹ́ ẹ kọ o," ni Oníbúrẹ́dì wí. "Ẹ má kọ ààbọ̀."

Aláàánú kọ ọ́. Ó bi í léèrè oúnjẹ, ó bi í léèrè kẹrosíìnì àti ẹni tó ń pọnmi. Nípa aṣọ fífọ̀, arúgbó ní èyí tó bá wúwo máa ń dúró dìgbà tí ara bá yá. Aláàánú tún béèrè iye owó kẹrosíìnì.

"Ẹ ti bi mí, mà," ni arúgbó wí jẹ́jẹ́.

Oníbúrẹ́dì ní, "Màmá, kí lẹ tún nílò tí a ò tíì béèrè?"

"Ẹni tí yóò máa bá mi họ ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ mi ò dé. Èló ni wọ́n ń ta ìyẹn báyìí?"

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ dákun, Màmá, ṣé ẹ ò bímọ ni?"

Ayùn ń han lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Arúgbó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

"Mo bí ọ̀kan," ló wí. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Kò sí mọ́."

"Éèyà! Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," ni arúgbó wí.

Oníbúrẹ́dì yíjú sí Aláàánú, tí kò tíì ṣe àmín.

"Àmín," ni Aláàánú wí.

Níta, Oníbúrẹ́dì fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó gba ìwé, ó ṣírò. "Ẹ ò rí i? Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ẹ fojú díwọ̀n ni. Ẹ fi ṣírò fún ọgbọ̀n arúgbó, fún ọdún kan. Ẹ yọ pátákó kúrò, ẹ yọ ayẹyẹ kúrò. Iye tí ẹ bá rí, òun ni kẹ́ ẹ sọ fáyé pé ẹ ń wá, kí ojú má sì tì yín. Màá san ìdajì. Màmá yẹn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Aláàánú kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Iṣẹ́ ọmọ lẹ fẹ́ ṣe yìí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ máa lọ, mà. Mo fẹ́ yà kí ẹnì kan nítòsí."

Nígbà tí ọkọ̀ náà ti yà ní kọ̀rọ̀, Aláàánú padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn, ó kàn gbé iwájú orí tì í, ó ní, "Màámi," ohùn arúgbó sì dá a lóhùn láti inú yàrá pé, "Máa lọ, ọmọ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ níbí."