Àròyé Kejìlá

Ànísátù ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní àdúgbò Wadata ní Niamey, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé ìwé àṣekágbá wọn wá kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ètò tí ó fi ń tẹ èdè Faransé, Zarma àti Yorùbá pẹ̀lú àmì orí wọn ti gbó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tí tuntun jáde, ó gbìyànjú láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà náà. Kò wọlé. Kọ̀ǹpútà ní ètò náà gbára lé ètò kékeré kan tí kò sí nílẹ̀. Ó wá ètò kékeré náà lọ. Òun náà ní òun gbára lé òmíràn, òmíràn sì ní kọ̀ǹpútà náà ti tuntun jù fún òun.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú ètò kékeré yìí, lọ́fẹ̀ẹ́, láti ilẹ̀ òtútù kan. Mùtíù ni orúkọ tó fi sí ojú ewé ayélujára tí àwọn èèyàn ti ń gbé àròyé wọn wá. Ànísátù forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bíi Lékan, ó sì kọ ọ́ ní Faransé pé jákujàku niṣẹ́ Mùtíù.

Èsì dé kí ọ̀sán tó pọ́n. "Ka ìlànà tó wà lókè. Bí o kò bá mọ̀wé kà, má fi ẹ̀rọ ṣeré."

Ànísátù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fèsì pé òun ti ka ìlànà náà, àfi bíi pé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló kọ ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mùtíù á ti àròyé kan pa, Ànísátù á ṣí òmíràn. Láàárín oṣù méjì, àròyé Lékan ti pé mọ́kànlá.

Ìdrìsù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀, máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ wo ìjà náà.

"Tántì, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó. Wákàtí kan ò ní í pé."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ọmọ Yorùbá mà ni ọ̀gbẹ́ni yìí. Ẹ kọ ọ́ sí i ní Yorùbá, bóyá ojú á tì í."

"Faransé ti tó o."

"Bó bá mọ̀ pé àgbàlagbà tó lè bí òun lọ́mọ lòun ń bú báyìí..."

"Kò mọ̀," ni Ànísátù wí. "Jáde. Mò ń ṣiṣẹ́."

Nínú oṣù kìíní ọdún, Mùtíù kò fèsì fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Ànísátù ń ṣí ojú ewé náà láàárọ̀, ó ń ṣí i kí ó tó kírun, ó ń ṣí i lẹ́yìn ìrun. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, èsì wọlé.

"Àìsàn ló dá mi dùbúlẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹrú rẹ."

Ànísátù tẹ ìlà kan, ó pa á rẹ́. Ó tẹ òmíràn, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Èyí tó fi ránṣẹ́ ni: "Àìsàn rẹ kò kàn mí. Ìgbà wo ni wàá tún un ṣe?" Lẹ́yìn náà ó ra máásà lọ́wọ́ obìnrin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó kọjá odò lọ kí àwọn tó ṣọ̀fọ̀ ní àdúgbò Kirkissoye. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Ìdrìsù nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ wá gba ìwé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wá, ó gba ìwé, ó lọ. Ìdrìsù wo kọ̀ǹpútà náà títí, ó jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi rí i pé gbogbo ètò tí wọ́n ń wá ti wà níbẹ̀ pérépéré. Fáìlì kan ṣoṣo ni ẹnì kan ti fọwọ́ yọ kúrò. Ó rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣèèṣì pa á rẹ́. Ó dá a padà sáyè rẹ̀. Ètò tuntun ṣí, àmì orí sì jáde bó ṣe yẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó wọ ojú ewé náà, ó sì kọ ọ́ lórúkọ Lékan: "Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣeun. Ẹ má bínú sí mi."

Mùtíù fèsì: "Ó dára. A ò tún ní nǹkan kan bá ara wa sọ mọ́." Ó ti àròyé náà pa.

Nígbà tí Ànísátù dé, kò wo ètò tuntun tí Ìdrìsù ń nawọ́ sí. Ojú ewé yẹn ló kọ́kọ́ wò.

"Ta ló ní kí o bẹ̀ ẹ́?"

"Tántì, mo bá yín parí ìjà ni."

"Ta ló ní kí o parí rẹ̀?"

Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ tasín tó wà lójú títì. Ó ní kí Ìdrìsù kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tún tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ láé. Ìdrìsù ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ burú ju ọkùnrin yẹn lọ," ló wí, ó sì jáde.

Ànísátù ti ilẹ̀kùn. Ó wá fáìlì náà, ó tún yọ ọ́ kúrò, ó sì dán ètò náà wò títí ó fi dá a lójú pé kò ṣí mọ́. Ó wá kọ àròyé kejìlá: "Iṣẹ́ rẹ tún ti bàjẹ́, bí ìṣe rẹ." Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí èsì fi dé: "Lékan tún ti dé. Kí ló tún kù, aláìmọ̀kan?"

Ànísátù gbé ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà. Ọdún keje rèé tí Mùtíù, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ti fi ìbínú kúrò nílé, tí kò gbé ìpè rẹ̀, tí kò fèsì lẹ́tà rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń dá lóhùn ní gbogbo Niamey mọ́ àfi Lékan.