Èèkàn Méjìlá

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà kò fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún un. Ó dúró láàárín ilé ẹran, bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tí ìkún omi fi sílẹ̀, ó ń ka èèkàn.

"Méjìlá," ó ní. "Ṣé gbogbo wọn lomi gbé lọ?"

"Gbogbo wọn pátá," ọlọ́sìn màlúù dáhùn. "Kò ku ẹyọ kan ṣoṣo."

"Òkú wọn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo odò yẹn, sà. Ṣé irú rẹ̀ máa ń dá nǹkan padà?"

Ìyàwó ọlọ́sìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, garawa lọ́wọ́. Láti ìgbà tí omi ti wó ògiri yàrá wọn méjèèjì, abẹ́ tapólì ni tọkọtaya ń sùn. Ní kùtùkùtù, obìnrin náà á gbé garawa yẹn gba ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ lókè odò. Ọ̀sán ló ń dé.

Wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ sára pátákó tó wà lókè èèkàn kọ̀ọ̀kan: Oníwo-kan, Ìyá Àgbà, Arìngbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Màlúù yín tún mọ̀wé kà ni?"

Inú ọlọ́sìn dùn, ó gbàgbé ara rẹ̀. "Wọn ò mọ̀wé, àmọ́ wọ́n mọlé. Tẹ́ ẹ bá tú wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kálukú á lọ sídìí èèkàn rẹ̀. Mi ò fà wọ́n rí."

Òṣìṣẹ́ kọ orúkọ méjèèjìlá sílẹ̀. "Ó mà ṣe o. Ẹ tẹ̀ka síbí fún owó ìrànwọ́ ìkún omi. Ẹni tó bá purọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni, ìjọba á sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Títí a ó fi padà wá, ẹ má kúrò nílé. Ìgbàkígbà la lè wá yẹ ibí wò."

Ọlọ́sìn tẹ̀ka.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́. Bó bá ti gbúròó alùpùpù, á yọjú wò ó. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bí wọn ò bá gbà wá gbọ́ ńkọ́?"

"Ẹyin lohùn," ó ní. "Ó ti bọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òṣìṣẹ́ náà padà dé, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú oríire! Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Àmọ́ ìjọba ò pín owó mọ́ o, àwọn èèyàn ń ná an nínàákúnàá. Màlúù fún màlúù ni. Ọkọ̀ tó kó àwọn tí a rà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọlọ́sìn kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Méjìlá míì! Ọlọ́run ṣeun!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, kò sí wàrà nínú garawa rẹ̀. Àárọ̀ ṣì ni.

"Baálé mi, àbúrò mi ò sí nílé. Kò gbé fóònù. Ọgbà ẹran rẹ̀ ṣófo."

"Dákẹ́," ó ní. "A lálejò."

Ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sílẹ̀. Oníwo-kan ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn mọ́kànlá tó kù tò tẹ̀lé e, wọ́n kọjá lára òṣìṣẹ́ ìjọba láìsí ẹni tó fà wọ́n, kálukú sì lọ dúró sídìí èèkàn rẹ̀.